Ìrora Tí Kò Lọ́jọ́, Ìwé Tó Lọ́jọ́: Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ Tí Iṣẹ́ Àṣetúnṣe Pa Lára ní Kùtọnu

 

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ni òní. Láti ọdún 2003 ni Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí OIT ní Benin níhìn-ín, ti ya ọjọ́ yìí sọ́tọ̀ fún ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó pè mí kò ní kí n sọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ gé níka tàbí ẹni tó já bọ́ láti orí ilé alágbékà. Ìyẹn hàn sí gbogbo ayé. Ọwọ́ tí kò lójú ọgbẹ́, tí kò ṣẹ́, tí kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òfin wa mọ bí a ṣe ń tọ́jú jàǹbá tó ní ọjọ́, tó ní wákàtí, tó ní ẹlẹ́rìí. Ìpalára tí iṣẹ́ àṣetúnṣe ń fà kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ìrora rẹ̀ ní ọjọ́, kí ó fún un lórí ìwé, kí ó sì fún un ní kùtùkùtù. Àlàyé ló kù.

Ohun tó ń ṣe ọwọ́

Nínú ọrùn ọwọ́ wa, ihò tóóró kan wà. Egungun ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, awọ líle kan ló bò ó lórí. Okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń fa ìka ló ń gba inú ihò náà kọjá, àwọn àti iṣan kan ṣoṣo tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti apá kan ìka òrùka. Bí èèyàn bá ń tẹ ọrùn ọwọ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó sì ń fi agbára di nǹkan mú, inú ihò yẹn á wú. Egungun kò sì ní í yẹ̀ fún un. Iṣan ìmọ̀lára ni yóò jẹ ìyà gbogbo rẹ̀. Syndrome du canal carpien ni àwọn dókítà wa ń pè é.

Ẹ óò mọ̀ ọ́n. Lóru ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ọwọ́ á kú, á máa ta bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹni náà á jí, á máa gbọn ọwọ́ kí ó tó lè sùn padà. Bó bá yá, ife á máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní lè mú owó ẹyọ lórí tábìlì. Ọmọńdinrín kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí iṣan mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Àmì tí dókítà máa ń wò nìyẹn.

Èyí kò dá wà. Ìrora ìdí àtàǹpàkò wà, tó máa ń bá ẹni tó ń fi ìka méjì fún irun tàbí ẹni tó ń fún aṣọ jà. Ti ìgúnpá wà, ó ń bá àwọn tó ń fi àwọ̀ kun ilé jà. Ti èjìká wà, fún ẹni tó ń nawọ́ sókè ní gbogbo ọjọ́. Àpapọ̀ wọn ni ìwé Faransé ń pè ní troubles musculosquelettiques, TMS ní kúkúrú. Ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta yẹn sọ́kàn, nítorí ẹ óò bá a pàdé nínú ìwé dókítà.

Okùn kànga kì í já lọ́jọ́ kan. Fọ́nrán kan á já lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì fà á lọ́jọ́ tó já pátápátá ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí rí níwájú agbanisíṣẹ́: "Àná lo ṣiṣẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Kí ló wá dé lónìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí Bernardino Ramazzini, oníṣègùn kan ní Ítálì, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ àwọn akọ̀wé ń rọ nítorí pé wọ́n ń fi gègé kọ ohun kan náà láìsinmi. Nígbà tí tẹlifóònù kò tíì gbòde, tí wáyà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, ọwọ́ àwọn tó ń tẹ bọ́tìnì wáyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ní ọdún 1908, ìjọba ibẹ̀ fi àrùn yẹn kún àwọn àrùn tí òṣìṣẹ́ lè gba owó gbà-máà-bínú lé lórí. Ní ọdún 1972, ilẹ̀ Faransé fi tábìlì kan, Tableau 57, sínú òfin rẹ̀ fún àwọn àrùn oríkèé tí ìṣesí ara lẹ́nu iṣẹ́ ń fà. Lónìí, òun ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àrùn iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó lé lórí ní ilẹ̀ náà.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ọ̀rọ̀ ti lọ geere. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé òfin kan jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2000 tí ì bá fipá mú agbanisíṣẹ́ láti tún ìjókòó àti ọwọ́ iṣẹ́ ṣe kí òṣìṣẹ́ má baà ṣèṣe. Kò pé oṣù márùn-ún tí ilé aṣòfin wọn fi wọ́gi lé e. Owó tí yóò ná àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Ẹ rí i pé ìjà lórí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìjà àwọn tálákà nìkan.

Ní ọdún 2010, OIT tún ìwé àrùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì dárúkọ àrùn ihò ọrùn ọwọ́ yìí àti ìrora ìdí àtàǹpàkò sínú rẹ̀ ní kedere. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àjọ yẹn kan náà sọ ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ di ọ̀kan nínú àwọn ìlànà ìpìlẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Benin ti wà nínú àjọ náà láti ọdún 1960. Ẹni tó bá ní àrùn òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé ìlú tirẹ̀ wà nínú ìpinnu náà.

Ohun tí òfin Benin wí

Òfin méjì ni kí ẹ mọ orúkọ wọn. Èkínní ni Code du travail, òfin 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998. Òun ló ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, kí wọ́n sanwó lé èyí tó bá lé. Òun ló gbé ìlera òṣìṣẹ́ lé agbanisíṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n ṣètò dókítà iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 ó kéré tán ní ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó àti ààbò. Òun náà ló ní tí àrùn iṣẹ́ bá dá òṣìṣẹ́ dúró sílé, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kò fọ́. Ó kàn dúró dè é ni.

Èkejì ni Code de sécurité sociale, òfin 98-019 ti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2003. Orí òfin yìí ni CNSS, àjọ ààbò àwùjọ ilẹ̀ wa tí a ń pè ní la Caisse, dúró lé. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn. Láti oṣù kejì ọdún 1957, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Faransé ní Dahomey, ni wọ́n ti gbé àṣẹ kan jáde lórí jàǹbá àti àrùn iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Inú àṣẹ yẹn ni bí a ṣe ń ṣe é lónìí ti wá.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyí: òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá rẹ̀ ṣàìdáa kí ó tó gbowó. Bí ó bá ti hàn pé iṣẹ́ ló fà á, owó tó sí i. Ohun tí òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ ní ìpadà ni pé iye owó náà ní ìwọ̀n, kì í ṣe iye tó wu adájọ́.

Ta ló ń san án? Agbanisíṣẹ́ nìkan ni. Nínú owó tó ń lọ sí CNSS, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n fún ewu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ló ń dá ìdá kan sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, bí ewu iṣẹ́ náà bá ṣe tó. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù, SMIG, ṣe ìṣirò. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ó ti di 52,000 sẹ́fà. Ewu iṣẹ́ lórí rẹ̀ kò ju 520 sí 2,080 sẹ́fà lóṣù. Agbanisíṣẹ́ tó bá sọ pé apá òun kò ká owó CNSS, ẹ bi í léèrè pé èwo nínú rẹ̀.

Kí ni òṣìṣẹ́ ń rí gbà? Àkọ́kọ́, ìtọ́jú: owó dókítà, oògùn, ilé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ bó bá pọn dandan, àti ìdárayá tó ń mú ọwọ́ padà bọ̀ sípò. Ìkejì, owó ojoojúmọ́ ní àkókò tí kò lè ṣiṣẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Lórí 52,000, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34,700 sẹ́fà lóṣù. Ìkẹta, bí ọwọ́ náà kò bá padà bọ̀ sípò mọ́, dókítà á wọn bí àbùkù rẹ̀ ti tó. Bó bá tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó kan á máa wọlé fún un lóòrèkóòrè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á san án pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tí ẹ̀tọ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni

Bó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí ẹni tó ń gbà á fi kéré? Mo rí ibi mẹ́ta tó ti ń jò.

Ibi kìíní ni tábìlì. Òfin tó ń rí sí àrùn iṣẹ́ kì í wo ìrora, tábìlì ló ń wò. Tábìlì á dárúkọ àrùn, á ka irú iṣẹ́ tó lè fà á, á sì fi ọjọ́ sí i, láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ dé ìgbà tí dókítà rí àrùn. Nínú tábìlì ti Faransé, ọjọ́ 30 péré ni fún àrùn ihò ọrùn ọwọ́. Àǹfààní ńlá wà nínú rẹ̀: bí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, òfin á gbà pé iṣẹ́ ló fà á, agbanisíṣẹ́ ló kù tí yóò máa wá ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó lọ sí abúlé lọ fi àgbo wọ́ ọwọ́ fún oṣù mẹ́fà, tó wá padà wá sọ pé iṣẹ́ ló ṣe òun, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn ẹjọ́ rẹ̀.

Ibi kejì ni àríyànjiyàn lórí ohun tó fà á. Òótọ́ ni pé oyún, àtọ̀gbẹ àti àìsàn thyroïde (ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn) lè fa àrùn ọrùn ọwọ́. Òótọ́ ni pé ó ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ. Nítorí náà ni agbanisíṣẹ́ á fi ní: "Ṣé o kì í fọṣọ nílé? Ṣé o kì í gúnyán?" Ìdáhùn wà. Ẹni tó ń fọṣọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò bá ẹni tó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé: iye wákàtí, iye aṣọ, irú ìṣesí ọwọ́.

Ibi kẹta ni ẹ̀rù, òun ló sì burú jù. Òfin 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 gbà kí wọ́n máa tún àdéhùn iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ṣe láìní òpin. Òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé àdéhùn òun ń parí lóṣù tó ń bọ̀ kò ní fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ pé ọwọ́ ń dun òun. Á fi aṣọ di í, á gbé oògùn ìrora mì, á dákẹ́. Àwọn àgbà wa sì wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ wo agbègbè iléeṣẹ́ Glo-Djigbé, tó fi nǹkan bí kìlómítà 45 jìnnà sí Kùtọnu níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ òwú ilẹ̀ wa di aṣọ tó ń lọ sí òkè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa kájú. Inú wa dùn sí i, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ ní iléeṣẹ́ kò rí bíi ti aránṣọ àdúgbò. Aránṣọ àdúgbò á wọn oníbàárà, á gé aṣọ, á rán an, á lọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sinmi láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní iléeṣẹ́, ẹnì kan lè máa rán apá ẹ̀wù nìkan láti oṣù dé oṣù. Ìṣesí kan náà, ìyára tí ẹlòmíràn pinnu. Ohun tí Ramazzini rí lára àwọn akọ̀wé nìyẹn, ó ti wọ ilé wa báyìí.

Ohun tí o máa ṣe

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ.

Wádìí bóyá orúkọ rẹ wà ní CNSS kí ohunkóhun tó ṣe ọ́. Béèrè nọ́ńbà rẹ, yẹ ìwé owó oṣù rẹ wò. Bí wọ́n bá ń yọ owó CNSS ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà kò sí, lọ bi CNSS fúnra rẹ̀ léèrè.

Nígbà tí ọwọ́ bá kú lóru tó sì tún padà wá, má ṣe dúró. Lọ rí dókítà, kí o sì sọ fún un pé: "Iṣẹ́ báyìí ni mo ń ṣe, báyìí ni mo ṣe ń ṣe é." Dókítà tí kò mọ iṣẹ́ rẹ á kọ oògùn, kò ní kọ ohun tó fa àrùn. Béèrè ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́, tó dárúkọ àrùn, tó sì sọ pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ ló fà á. Ní ilé ìwòsàn CNHU Hubert Koutoukou Maga ní Kùtọnu níhìn-ín, àwọn oníṣègùn wà tó mọ̀ nípa iṣan àti oríkèé. Àyẹ̀wò wà tó ń fi iná mànàmáná kékeré wọn bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé àyẹ̀wò yẹn kì í purọ́ fún ọ̀gá, kì í sì í purọ́ fún òṣìṣẹ́.

Sọ fún agbanisíṣẹ́ lórí ìwé, kí o sì mú ẹ̀dà kan dání tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn gbà á. Òfin fún un ní wákàtí 48 láti kéde fún CNSS. Bí kò bá ṣe é, ìwọ tàbí ẹbí rẹ lè gbé e lọ fúnra yín. Ní ẹnu ọ̀nà CNSS, béèrè tábìlì tí àrùn rẹ bọ́ sí, kí wọ́n fi hàn ọ́.

Bí ọ̀gá bá lé ọ nítorí ọwọ́ rẹ, má ṣe sáré lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin ní kí o kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ inspecteur du travail, alábòójútó iṣẹ́ tí ìjọba yàn, kí ó gbìyànjú àti parí ìjà. Tí kò bá parí, ìwé tó bá fún ọ ni wàá gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Bó bá sì jẹ́ CNSS ló kọ ẹjọ́ rẹ, kọ̀wé padà sí wọn kí wọ́n tún un wò kí o tó lọ síwájú adájọ́.

Má sì dá rìn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà: UNSTB, CSA-Bénin, CGTB, COSI àti CSTB, gbogbo wọn ní àwọn tó mọ ọ̀nà. Bourse du Travail, ilé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀yin ará wa tó ń kọjá ààlà lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ẹ mọ̀ pé ti ọ̀hún yàtọ̀. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ló wà níbẹ̀, ọwọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ NSITF ló wà, agbanisíṣẹ́ ló ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá, ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti sọ fún àjọ náà. Ọjọ́ náà ló tún padà wá yìí.

Ẹni tí kò lọ́gàá

Mo mọ̀ pé ó ju ìdajì yín lọ tó ń sọ nínú ọkàn pé, "Èmi ò lọ́gàá, kí ni tèmi nínú rẹ̀?" Ẹ̀tọ́ ni. Ní Benin, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Onídìrí tó ń di irun láti aago méje òwúrọ̀ di mẹ́sàn-án alẹ́ ní àsìkò ọdún kò ní CNSS tó máa bá a san ìdá méjì nínú mẹ́ta ohunkóhun.

Ohun mẹ́ta ni mo ní fún un. Àkọ́kọ́, bó bá ní ọmọṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́, òun gan-an ni agbanisíṣẹ́. Òfin ààbò àwùjọ ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn tí ewu iṣẹ́ kàn, nítorí náà ọwọ́ ọmọ yẹn wà lọ́rùn rẹ̀. Ìkejì, kí ẹgbẹ́ aránṣọ àti ẹgbẹ́ onídìrí dá àpò kan sílẹ̀ fún ọwọ́ tó bá rẹ̀, bí a ti ń dá èsúsú. A ti ń dá owó fún ìnáwó òkú. Ọwọ́ alààyè náà tó bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni ìdènà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Gbé àga sókè kí ìgúnpá bá tábìlì dọ́gba. Má ṣe tẹ ọrùn ọwọ́ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sinmi ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí o sì pààrọ̀ iṣẹ́: ẹni tó di irun lówùúrọ̀, kí ó fọ irun lọ́sàn-án.

Sí ìjọba àti iléeṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Kí ìwé tábìlì àrùn iṣẹ́ wà ní Yorùbá, ní Fọ̀n, ní Bàrìbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo iléeṣẹ́. Kí àwọn dókítà iṣẹ́ máa yẹ ọwọ́ wò nínú àyẹ̀wò ọdọọdún bí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Kí inspecteur du travail máa béèrè iye ìgbà tí ọwọ́ kan ń ṣe ohun kan náà, kì í ṣe kí ó máa wo òrùlé àti fèrèsé nìkan.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí o kò bá tètè kéde ìrora rẹ, ọjọ́ tí o bá kéde rẹ̀ ni wọ́n máa sọ pé irọ́ lò ń pa. Ẹni tí ọwọ́ ti ń kú lóru nínú yín, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí láìrí dókítà, kí ó sì gba ìwé tó ní ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.